Géètì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Máa Tì Pa

Ẹni tí mò ń kọ èyí sí ni ẹni tó ń gbé oògùn ìrora mì níbi tí ojú kò ti tó o, tó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò sí lára àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta. Tíṣà ni mí, mo máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìlọ́fà. N kò fa sìgá rí. N kò mọ bí ògógóró ṣe rí lẹ́nu. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí oògùn bàjẹ́, èmi náà a máa bá wọn mi orí.

Ìbàdí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń bọ̀ láti Kóró lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti lọ wo oko iṣu mi, ni ọ̀kadà tí mo gùn bá yọ̀ lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí. Mo fi ìdí lélẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò lè dúró níwájú kíláàsì fún ogún ìṣẹ́jú kí ìbàdí mi má máa ta mí. Ọkùnrin tó ni kẹ́mísì lójú ọ̀nà ọjà fún mi ní hóró tírámádọ́ọ̀lù mẹ́rin, ó ní kí n máa lo ọ̀kan bí ó bá ń dùn mí.

Ọ̀kan tí mo kọ́kọ́ lò, ìrora náà lọ, àárẹ̀ sì bá a lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo máàkì ìwé gbogbo ọmọ kíláàsì mi lórí ìjókòó kan, mo sì kọrin wọlé. Dúpẹ́ ìyàwó mi bi mí pé ṣé wọ́n ti fi kún owó-oṣù wa ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fura. Ohun tó fẹ́ dè mí mọ́lẹ̀ bá ẹ̀rín wọlé.

Kí ọdún tó yí po, ọ̀kan ti di méjì, méjì ti di mẹ́rin. Imú a máa yún mi, n ó máa nù ún títí awọ rẹ̀ fi bó. Mo lè lo ọjọ́ márùn-ún láìyàgbẹ́. Oorun a máa gbé mi lórí àga níwájú àwọn ọmọ, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí n kò bá rí i lò. Kí ó tó di ọ̀sán, n ó ti máa yán léraléra, omi á máa dà lójú mi bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, irun ara mi á dìde, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò ní gbé jẹ́ẹ́. Bí mo bá gbé méjì mì, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ìbàdí ni mò ń tọ́jú mọ́. Mo mọ̀, mo sì ń rà á lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iye tí mò ń lò, mo ń ra díẹ̀ ní Ìlọ́fà, díẹ̀ ní Òsí, díẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin nígbà tí mo bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi.

Àkókò yìí ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì padà wálé, tó sì gba ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní àdúgbò wa. Ilé kẹta sí tèmi ni. Mátírọ́nù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ń gba àwọn tí ọtí tàbí oògùn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, wọn a sì gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta. Ní àárọ̀, wọn a rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọn a kí ènìyàn, wọn a padà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yà wọ àgbàlá Ìyá Sàláwà, obìnrin tó ń yan gàrí ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó dúró ti agbada gàrí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi sá. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ta ló fún obìnrin yìí láṣẹ? Ṣé dókítà kankan ń wá síbẹ̀? Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kí ni a ó sọ? Ìbéèrè gidi ni. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ìdáhùn tí a fún wọn ni ó burú.

A ṣe ìpàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ìbídùn, alága wa, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ní kí a lọ sí káńsù kí òṣìṣẹ́ ìlera wá yẹ ilé náà wò. Èmi ni mo ní ìyẹn yóò pẹ́. Mo ní kí a ṣe òfin tiwa. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan lára àwọn ọkùnrin yẹn ti pàdé mi lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń nu imú, ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀. N kò fẹ́ kí ojú wa tún pàdé mọ́.

Nítorí náà mo kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé fẹ́ǹsì ga kọjá orí ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe jáde. Kí ará ilé wọn máa wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí alága máa ti géètì láti ìta ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago méje àárọ̀, kí ó sì máa tì í ní ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé bá ṣófo, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ igbe láti inú ilé náà, kí ó má dá sí i, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀tàn láti sá jáde. Hóró mẹ́ta wà nínú mi bí mo ti ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi dúró ṣinṣin.

Mátírọ́nù kà á tán, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ilé ìtọ́jú ni mo ń ṣe. Ẹ̀wọ̀n ni ẹ kọ síbí yìí.”

Mo ní, “Mà, àwọn ará àdúgbò náà ní láti fọkàn balẹ̀.”

Ó fọwọ́ sí i, nítorí kò ní ibòmíràn tó máa kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí mo fi ṣubú. Ọjọ́ Ìsinmi ni, mo ń ka ẹ̀kọ́ kejì. Mo rí i tí ìlà ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà ní ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi, Dúpẹ́ gbé orí mi lé itan, òórùn ìtọ̀ sì wà lára mi níwájú gbogbo ìjọ.

Wọ́n ní wárápá ni. Ìyá mi se àgbo, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Ìyá Bùnmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, ó ní àfi kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé àdúrà Aládùúrà rẹ̀. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ láìrí hóró kan lò. Mo gbọ̀n, mo bì, mo bú àwọn tó ń gbàdúrà fún mi. Wọ́n ní ẹ̀mí burúkú ni ó ń jáde. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí, n kò sì lè la ẹnu sọ ọ́. Bí ọ̀kan bá ní kí n mu omi àdúrà, n ó mu ún. Bí òmíràn bá ní kí n mu àgbo, n ó mu ún. Gbogbo ìtọ́jú tí kò ní bi mí ní ìbéèrè ni mo gbà. Ọjọ́ tí mo padà délé, mo wá hóró tí mo fi pamọ́ sí abẹ́ àpótí ìwé, mo gbé mẹ́ta mì, ara mi rọ̀. Ìyá Bùnmi fi ṣe ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti gba ìwòsàn.

Nígbà tí mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, Dúpẹ́ kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mú owó tí a tọ́jú fún ilé-ìwé Tóbi, ọmọ wa, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin. A tò fún káàdì, a tò fún ẹ̀jẹ̀, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn pẹ̀lú àwọn tó ti dé ṣáájú wa, à ń sún ìdí díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Dókítà tó pè wá kéré sí mi púpọ̀. Ó bi mí, “Bàbá, oògùn wo ni ẹ ń lò?”

Mo ní, “N kò lo oògùn kankan.”

Dúpẹ́ ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú ọ̀rá kan jáde, ó sì rọra tú u sórí tábìlì. Páálí hóró òfìfo ni ó kún inú rẹ̀, bí ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà wo ni ó ti ń ṣà wọ́n jọ, n kò mọ̀. Kò wo ojú mi. Dókítà náà sì wo tábìlì dípò kí ó wò mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn títí di òní.

Ó ṣàlàyé pé oògùn náà gan-an ni ó ń gbé mi ṣubú. Ó ní kí n má ṣe dédé dá a dúró fúnra mi, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa dín in kù, lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Kò sí bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, “Ṣé kò sí ibi ìtọ́jú kankan ní agbègbè yín?”

Dúpẹ́ ní, “Ó wà, sà. Ilé kẹta sí tiwa ni.”

Mo fi ọwọ́ bo ojú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni Mátírọ́nù fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi wọlé, nígbà tí kò sí ẹnì kan ní òpópónà. Mo dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ bò mí. A ti sọ fún ilé-ìwé àti fún Bàbá Ìbídùn pé Ìlọrin ni mo wà. Mátírọ́nù kò sọ̀rọ̀ àná. Ó kàn mú bébà kan wá, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, pé bí ẹgbẹ́ onílé ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Àfọwọ́kọ mi ni. Mo fọwọ́ sí i ní ìsàlẹ̀.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Mátírọ́nù ń fún mi ní oògùn ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, ó ń dín in kù, ara mi sì mọ gbogbo èyí tó yọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara nìkan ni ó wà nínú ìdè. Fẹ́ǹsì náà ga tó bí mo ti ní kí ó ga. Láti ibùsùn mi, ojú ọ̀run díẹ̀ ni mò ń rí. Mò ń gbọ́ agogo ilé-ìwé mi, mò ń gbọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ka ìsọdipúpọ̀, tíṣà mìíràn sì ń ṣe àtúnṣe fún wọn. Mò ń gbọ́ tí Dúpẹ́ ń pe adìẹ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò ju ọgọ́rin ìṣísẹ̀ lọ láti ibi tí mo wà dé ẹnu ọ̀nà mi, àmọ́ ó di òpin oṣù kí n tó fojú kan Dúpẹ́, nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́fà, Bàbá Ìbídùn a dé, n ó gbọ́ ìró àgádágodo, n ó sì gbọ́ ìgbà tí ó bá fà á wò bóyá ó ti wọ̀. Ojoojúmọ́ ni ó máa ń fà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n mú Káyọ̀dé wá sí yàrá mi. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni, láti Òsí, ọmọ ọdún bíi márùndínlógójì. Ògógóró ni tirẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já a sílẹ̀, wọ́n sì lọ láìdúró dáhùn ìbéèrè Mátírọ́nù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé èmi ni mo ń bá a mú ife sẹ́nu. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ka òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó ní, “Bàbá, ta ló jókòó tó ronú kan èyí? Ṣé ènìyàn ni?”

Mo ní, “Bóyá ẹ̀rù ló ń bà á.”

Ó ní, “Ẹ̀rù kí ni? Àwa tí a kò lè mú ife?”

Mo yí ojú sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń bọ̀ láti balùwẹ̀ ni ó ṣubú. Ara rẹ̀ le gbagidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, orí rẹ̀ sì ti gbá etí sìmẹ́ǹtì. Mátírọ́nù yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ń ka ìṣẹ́jú. Títa náà dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀dé kò jí láàárín méjèèjì. Mátírọ́nù ní, “Ọsibítù ni, kíákíá.” Ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú àgbàlá. Géètì wà ní títì láti ìta. Ó pe Bàbá Ìbídùn lórí fóònù, ó dún títí kò gbé e. Ó tún pè. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti gba Òsí lọ síbi ìdúpẹ́ òkú kan, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò agbádá rẹ̀.

Àwa tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géètì. A pariwo. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ní ìta, mo gbọ́ tí wọ́n dúró. Ọkùnrin kan ní, “Ẹ má dá wọn lóhùn. Ó wà nínú òfin.” Èmi àti òun ni a jọ jókòó ní ìpàdé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Sàláwà, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń yan gàrí lọ́wọ́.

Ohun tó wà ní ọkàn mi ní ìṣẹ́jú yẹn kò dára láti kọ, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò dá ohùn mi mọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá pe orúkọ mi, kí ó tó di ọ̀la, gbogbo Ìlọ́fà yóò ti gbọ́. Mo wo Káyọ̀dé lórí ilẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Síbẹ̀ mo dúró. Bí ó ti pẹ́ tó, n kò lè sọ. Ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà mo fi ẹnu sí àlàfo géètì. Mo ní, “Ìyá Sàláwà, èmi ni. Tíṣà ni.”

Ó ní, “Tíṣà wo?”

“Tíṣà yín. Bàbá Tóbi. Inú ibí ni mo wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ń kú lọ níbí. Èmi ni mo kọ òfin yẹn, èmi náà ló ń sọ fún yín báyìí, ẹ fọ́ àgádágodo náà.”

Kò tún bi mí ní nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ó sáré, mo gbọ́ tí ó pe ọkọ rẹ̀, mo sì gbọ́ ìró àáké lára irin. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ni ó já. Wọ́n gbé Káyọ̀dé sínú ọkọ̀, Mátírọ́nù wakọ̀ lọ.

Géètì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ènìyàn ń wò mí nínú ṣòkòtò penpe àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó dí mi lọ́nà. Mo bọ́ síta. Mo rí ilé mi. Mo sì rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ mi kọjú sí kì í ṣe ilé mi, ojú ọ̀nà ọjà ni, níbi tí kẹ́mísì wà. Gbogbo ara mi ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo rí bí ìdè mi ti tó. Mo yí padà, mo wọlé, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú géètì tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Káyọ̀dé kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lórí níbi tí ó ti gbá sìmẹ́ǹtì, àwọn dókítà sì ní bí ó bá ti tètè dé ni, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ì bá má rọ tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń ṣe wẹ́dà ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ onílé ṣe ìpàdé nínú àgbàlá ilé náà, torí Ìyá Sàláwà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága kọ́ ni wọ́n ti máa sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo ṣì ń bẹ̀rù wọn. N kò purọ́. Àmọ́ mo fẹ́ mọ ẹni tí mò ń bẹ̀rù, n kò fẹ́ ògiri mọ́.” Wọ́n kọ̀wé sí káńsù. Òṣìṣẹ́ ìlera wá, ó yẹ yàrá wò, ó béèrè ìwé, ó ní Mátírọ́nù kò gbọdọ̀ gba ẹni tí dókítà kò tíì rí mọ́, ó sì fún un ní gbèdéke láti forúkọ ilé náà sílẹ̀ dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ wà ní inú báyìí. Ará ilé ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Bàbá Ìbídùn kò kí mi mọ́ títí di òní, òbí méjì sì mú ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi nígbà tí mo padà. N kò bá wọn jà. N kì í ṣe akọ̀wé mọ́.

Mo lo oṣù mẹ́rin ní ilé náà. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo jáde. Ìbàdí ṣì ń dùn mí. Mò ń jókòó kọ́ àwọn ọmọ, mò ń na ara bí wọ́n ti kọ́ mi, Dúpẹ́ ló ń bá mi ra ohunkóhun tí mo bá nílò ní kẹ́mísì. N kì í gba ojú ọ̀nà ọjà kọjá bí mo bá dá wà. Ó gbà wá, èmi àti Dúpẹ́, ní ọ̀pọ̀ oṣù kí a tó lè sọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn. Ó ní ọdún kan ààbọ̀ ni òun fi ṣà á, pé òun ń dúró kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Ìwọ tí o ń kà á, má ṣe dá a dúró lójijì ní ìwọ nìkan, ó lè pa ọ́. Wá ẹnì kan ṣoṣo, kí o sọ iye tí ò ń lò gan-an fún un, kì í ṣe ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ wá sí àdúgbò yín, ẹ béèrè ìwé, ẹ béèrè dókítà, ẹ wọlé lọ wò ó. Ẹ má ṣe fi ògiri dáhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo lọ wo Káyọ̀dé ní Òsí. Kò lè di irin mú, ṣùgbọ́n ó ń ta ọ̀pá irin àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó nǹkan pọ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé èmi ni mo kọ òfin náà, mo ti tọrọ àforíjì, kò sì tíì sọ pé òun ti dárí jì mí. Síbẹ̀ ó máa ń sun iṣu dè mí. A jókòó, ó ń fi ọwọ́ òsì bó iṣu, ó ní, “Bàbá, ṣé ó ṣì máa ń wù yín?”

Mo ní, “Lójoojúmọ́.”

Ó mi orí. Ó ní, “Èmi náà.” Ó pín iṣu náà sí méjì, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi.